Ṣúgà Tó Sá Pamọ́ Sábẹ́ Iyọ̀

"Ẹ yọ ahọ́n yín síta."

"Afínjú, mo ní kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi."

"Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló ń bà yín lẹ́rù? Ẹ yọ ọ́ kí n rí i."

Télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá oníbàárà kankan ń bọ̀, ó wá yọ ahọ́n síta bí ọmọdé tó wà níwájú dókítà. Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wo ahọ́n náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó sì gbóòórùn ẹnu ọkọ rẹ̀ títí. Kò rí nǹkan kan. Kàkà kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ńṣe ni ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

"Ẹ ti fọ ẹnu," ó ní. "Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá lọ fọ ẹnu."

"Ṣé èèyàn ò tún gbọdọ̀ fọ ẹnu mọ́ nílé Afínjú ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà jọ àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú obìnrin náà dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á mọ̀ pé kò rí oorun sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ó lọ síbi omi aṣọ, ó padà wá síbi áyọ́ọ̀nù, ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì ọkọ rẹ̀ bóyá ó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni tọkọtaya yìí jọ ń lò. Ọkọ ń rán aṣọ níwájú. Ìyàwó ń fọ aṣọ oníbàárà lẹ́yìnkùlé, ó sì ń lọ̀ ọ́ lórí tábìlì gígùn kan tó wà láàárín. Ó ti pẹ́ tí àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Afínjú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Kò sí aṣọ tó máa bọ́ sínú omi lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ yí àpò rẹ̀ sóde, tí kò sì ní ka àkọlé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀: ṣé omi gbígbóná ni àbí omi tútù, ṣé áyọ́ọ̀nù lè kàn án àbí kò gbọdọ̀ kàn án. Bí àkọlé yẹn bá ti parẹ́, á ká aṣọ náà, á dá a padà fún ẹni tó ni ín.

"Mi ò lè fọ ohun tí mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é," á wí báyìí, á sì kọjú sí oníbàárà mìíràn.

Ìdààmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, àrùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà fún un ní oògùn. Ó ní kó yẹra fún ṣúgà, kó máa rìn dáadáa, kó sì máa fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tó dẹ́rù bà wọ́n jù: "Bàbá, bí ṣúgà yìí bá pẹ́ lókè, ó lè ba ojú jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin sì ń ṣe, ojú lẹ fi ń ṣe é."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí Afínjú mọ́. Nígbà tí wọ́n délé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó da ṣúgà nù. Ó gbé oyin fún aládùúgbò. Bisikíìtì, jáàmù, ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo ohun tó bá ti dùn lẹ́nu ló bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé náà.

"Láti òní lọ," ó kéde, "oúnjẹ oníyọ̀ nìkan la ó máa jẹ. Ohun tó bá ti ní iyọ̀, ṣúgà ò lè sí níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ gbà. Ta ni yóò bá Afínjú jiyàn?

Iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ráyè dáná lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò fọkàn tán oúnjẹ tí wọ́n ń sè níta. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe fọ ìkòkò?" ni tirẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì ló wù ú. Ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo nǹkan ibẹ̀, òógùn ẹnikẹ́ni ò kán sí i. Ó ń ra ẹ̀wà inú agolo tí wọ́n ti fi tòmátò sè, búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, ọbẹ̀ ẹlẹ́bu tí èèyàn kàn máa pò mọ́ omi gbígbóná, ẹ̀pà oníyọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò lára, àti ọbẹ̀ tòmátò pupa tó wà nínú ìgò. Nígbà tí oúnjẹ tí kò ládùn sì ti sú Télọ̀, ọbẹ̀ tòmátò yẹn ló ń dà lé orí ohun gbogbo: orí ẹyin, orí ẹja, orí ìrẹsì.

Ẹ wá gbọ́ àṣà Afínjú. Kò sí ọ̀rá, páálí, agolo tàbí ìgò ilé ìtajà tó ń wọ kíṣìnì rẹ̀. Ó ní ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn ló ti kàn án láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé ilé ìtajà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti ń já gbogbo rẹ̀, tó ń da ohun inú rẹ̀ sínú ìgò onídèérí tirẹ̀, tó sì ń ti ọ̀rá àti páálí rẹ̀ bọ àpò ìdọ̀tí lójú ẹsẹ̀. Ká má parọ́, kíṣìnì náà dùn ún wò. Àwọn ìgò tò bẹẹrẹ lórí pẹpẹ, wọ́n ń dán.

Síbẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Télọ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Kì í pẹ́ nídìí maṣíìnì kó tó sáré lọ tọ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó rán apá kóòtù kan sódì, inú rẹ̀ ló kọ sóde, kò sì mọ̀ títí ẹni tó ni ín fi wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Oníbàárà yẹn rẹ́rìn-ín, Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Afínjú kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá ọkọ rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù yìí ló sọ ọ́ di ọlọ́pàá nínú ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ní kí ọkọ rẹ̀ yọ ahọ́n yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó fẹ́ fọ wẹ́sìkóòtì tí Télọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ó yí àpò rẹ̀ sóde bí ìṣe rẹ̀, bébà súìtì kan sì já bọ́. Bébà pupa, ó ń dán yinrinyinrin.

Ó fi ìka méjì mú un, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Dádì, kí nìyí?"

Télọ̀ ní láti sún mọ́ ọn kó tó mọ ohun tó jẹ́. "Áà, ìyẹn? Ọmọ oníbàárà tó wá gba aṣọ lánàá ló jẹ súìtì, ó fi bébà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní bí mo bá jù ú sílẹ̀, o máa pariwo. Ni mo bá fi í sápò."

"Ọmọ oníbàárà!"

"Afínjú, mo búra..."

"Ẹ má búra! Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀! Mò ń para mi kú lórí yín, ẹ̀yin ń jẹ súìtì ní kọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ lójú ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fà yín lọ́wọ́ kiri ìgboro ni? Òpùrọ́ ni yín!"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè jù. Àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n wọlé ni àbí kí wọ́n yí padà. Ojú ti Télọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí téèpù tó fi ń wọn aṣọ. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọra.

"Ó dáa. Títí di ọjọ́ tí a máa padà sọ́síbítù, mi ò ní gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde àfi bí o bá tẹ̀ lé mi. Ohun tí o bá gbé fún mi nìkan ni màá jẹ. Omi tí o bá bù fún mi nìkan ni màá mu. Bí ṣúgà bá wálẹ̀, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni mí lóòótọ́. Tí kò bá wálẹ̀ ńkọ́, Afínjú? Kí la máa wá sọ?"

"Á wálẹ̀," Afínjú ní. Ó dá a lójú gbangba.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Bí Télọ̀ bá dìde, Afínjú á dìde. Bó bá lọ tọ̀, á dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

"Ṣé o fẹ́ bá mi wọlé ni?" Télọ̀ á béèrè láti inú lọ́hùn-ún.

"Ẹ ṣe kíá, áyọ́ọ̀nù mi wà lórí iná."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ ń rìn yí àdúgbò po bí dókítà ṣe wí, wọn kò sì bára wọn sọ ju "gba ibí" àti "rọra" lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èèyàn lè gbé pẹ̀lú ẹni tó ń bínú sí i, ṣùgbọ́n láti máa ṣọ́ ẹni téèyàn fẹ́ràn bí ẹni ṣọ́ olè, ó ń dunni. Ó ń dun Afínjú. Kó lè fi tù ú lójú, ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ń fi ẹ̀wà kún ẹ̀wà fún un. Ó ń da ọbẹ̀ tòmátò sí i dáadáa kí ẹnu rẹ̀ má baà máa wá ohun dídùn kiri. Ó ń gbé ẹ̀pà oníyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀ kó máa rí nǹkan jẹ lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sọ́síbítù, Télọ̀ gún ìka rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ. Afínjú ló ka ohun tó gbé jáde. Kò gbà á gbọ́. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ tún ọwọ́ fọ̀, kó nu ún gbẹ, kó tún gún ìka mìíràn. Ibì kan náà ló tún bọ́ sí.

Ó ti gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Télọ̀ ò yọ̀ ọ́. Ó kàn ń wò ó. "Ó yá," ó ní, "ta la máa wá mú báyìí?"

Afínjú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tí kì í jókòó sórí àga àlejò láìnù ún. Ojú ara rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọkùnrin yìí tọ̀sántòru. Kò jẹ súìtì. Kò mu ẹlẹ́rìndòdò. Níbo ni ṣúgà wá ń gbà wọlé? Ó dìde lójijì, ó sáré wọ kíṣìnì, ó kó àwọn ìgò rẹ̀ sínú àpò ńlá kan. Ó ní àwọn ará ọsíbítù ló máa sọ ohun tó ń ṣe ọkọ òun, nítorí oúnjẹ òun ò lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwọn alátọ̀gbẹ jẹ́ obìnrin tí kì í kánjú. Ó ti wo ojú Télọ̀, ó ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti bi í nípa oògùn rẹ̀. Ó wá yíjú sí Afínjú.

"Màmá, kí ni bàbá ń jẹ?"

"Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí!" Afínjú ti ń to ìgò sórí tábìlì. "Ẹ wò ó. Oníyọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Èyí, oníyọ̀. Èyí, oníyọ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi tọ́ ọ wò, kò sí èyí tó dùn níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò kan sókè, ó yí i po. "Ó mọ́ o, màmá. Ó mọ́ ju ọ́fíìsì mi yìí lọ. Ọ̀rá rẹ̀ dà?"

"Ọ̀rá kẹ̀? Mo ti jù ú nù. Ìdọ̀tí ni."

"Ṣé ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù?"

"Kí n ka kí ni? Ẹ̀wà ni. Ṣé mi ò mọ ẹ̀wà ni?"

Télọ̀ wúkọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bó ṣe máa ń ṣe aṣọ oníbàárà. Kì í fọ èyí tí kò bá tíì ka àkọlé ọrùn rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló dé, màmá?"

"Mi ò lè fọ ohun tí mi ò mọ ohun tí wọ́n..."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ò sì bá a parí rẹ̀.

"Màmá, mi ò sọ pé ẹ ṣe burúkú," nọ́ọ̀sì ní. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé inú ohun dídùn nìkan ni ṣúgà ń gbé. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ inú agolo àti ọ̀rá máa ń fi ṣúgà sínú oníyọ̀ náà. Ó ń pa kíkan tòmátò. Ó ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó ń jẹ́ kí ẹnu tún fẹ́ sí i."

"Kí ló dé tí mi ò wá gbọ́ adùn rẹ̀ lẹ́nu?"

"Iyọ̀ ló bò ó. Kíkan àti ata náà bá a bò ó. Ahọ́n ò ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí, màmá. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ló ń gbọ́ ọ."

Ó ṣàlàyé pé bí ilé iṣẹ́ bá ń kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù ló ń kẹ́yìn. Ó ní ṣúgà sì lórúkọ púpọ̀: glucose, sucrose, dextrose, maltose, syrup. "Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Maltodextrin náà ò jìnnà sí wọn, òun náà lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ máa fojú wá wọn. Ẹ tún rántí o, búrẹ́dì àti ìrẹsì fúnra wọn ń di ṣúgà nínú ara, kódà bí wọn ò fi ṣúgà kankan sí i, torí náà ìwọ̀n ni kí bàbá máa jẹ. Kó má sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò tíì lè sọ pé oúnjẹ yín nìkan ló fà á, títí a ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ wá àwọn ọ̀rá yẹn, kí ẹ kà á."

Afínjú kò rántí bí wọ́n ṣe délé. Àpò ìdọ̀tí ṣì wà lẹ́yìnkùlé, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ò tíì dé. Obìnrin tó ń wọ ìbọ̀wọ́ kó tó di àpò ìdọ̀tí lẹ́nu, ó ti ọwọ́ lásán bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ń fa agolo yọ, ó ń fa ìgò yọ, ó ń fa páálí yọ, omi ọbẹ̀ ń ṣàn lápá rẹ̀.

"Afínjú! Ṣé wúrà lẹ̀ ń wá ni?" aládùúgbò kan kígbe láti ojú fèrèsé.

Afínjú kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún (Afínjú náà ṣì ni), ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Télọ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

"Kà á sókè," ó ní. "Lẹ́tà yẹn kéré jù fún ojú mi."

Ó gbé ìgò ọbẹ̀ tòmátò. "Tòmátò," ó kà. "Ṣúgà..." Ó tún un kà. "Dádì, òun ló ṣìkejì."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ. "Iyọ̀ wà lẹ́yìn. Ṣúgà pọ̀ ju iyọ̀ lọ nínú rẹ̀."

"Ti ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ẹ̀wà, tòmátò, omi, ṣúgà." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ẹ̀pà. Ṣúgà wà níbẹ̀. Syrup tún wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹlẹ́bu..." Ó wá orúkọ tí nọ́ọ̀sì sọ, ó rí i. "Dextrose. Maltodextrin." Ó gbé ọ̀rá búrẹ́dì. "Ṣúgà wà nínú èyí náà."

Afínjú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló fi ń bu ẹ̀wà kún ẹ̀wà. Ọwọ́ yẹn ló fi ń da ọbẹ̀ tòmátò. Òun ló gbé ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì.

"Dádì, èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ń fún yín jẹ. Mò ń wá olè kiri nínú àpò yín, èmi gan-an ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tún pè yín lópùrọ́ níwájú oníbàárà." Omijé ti bọ́ sórí tábìlì, kò sì nù ún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ó dùn mí," Télọ̀ ní. "Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Níwájú àwọn èèyàn yẹn, ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé." Ó wá fi ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. "Ó mà ṣe o, pé wọn ò rán àkọlé mọ́ èmi náà lọ́rùn. Ò bá ti kà á, ò bá ti mọ̀ pé mi ò purọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Afínjú láàárín ẹkún. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ara wọn fi fúyẹ́ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, nǹkan yí padà. Afínjú ń jí dáná kó tó kan omi aṣọ. Ó ń se ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ó ń lọ tòmátò tútù, ó ń fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Ó ń ra nǹkan inú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ní súpámákẹ́ẹ̀tì, á dúró sójú kan, á fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ sórí imú, á máa ka ẹ̀yìn ọ̀rá títí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fi máa pòṣé. "Ẹ fara balẹ̀," á sọ fún wọn. "Ẹ̀yin náà, ẹ ka tiyín." Kò lè fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ ṣá, ìwà ni. Ṣùgbọ́n ó ń gé ibi tí wọ́n kọ ohun inú rẹ̀ sí lára ọ̀rá, Télọ̀ á rán an mọ́ aṣọ pélébé, á so ó mọ́ ọrùn ìgò.

Ṣúgà náà ò wálẹ̀ bí idán. Díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n tọ́jú oògùn, wọ́n rìn, wọ́n lọ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, bàìbàì ojú rẹ̀ sì ń dín kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Afínjú mú òwú bí ìṣe rẹ̀, ó lọ síbi maṣíìnì láti bá ọkọ rẹ̀ kì í bọ abẹ́rẹ́. Ó bá a tí òwú ti wà lójú abẹ́rẹ́. Télọ̀ ti ń rán aṣọ lọ ní tirẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó rí òwú lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Yọ ahọ́n rẹ síta," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ohun tí ìwọ náà jẹ láàárọ̀ yìí."

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa, kì í ṣe alátọ̀gbẹ nìkan. Ṣúgà àpọ̀jù ò dára fún eyín, kò dára fún ọkàn, ó sì ń mú èèyàn sanra kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ má fi ahọ́n nìkan ṣe ìdájọ́ oúnjẹ inú agolo, ìgò tàbí ọ̀rá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá rí ṣúgà, tàbí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí nọ́ọ̀sì dá, láàárín àwọn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, ẹ mọ̀ pé ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá méjì wéra, kí ẹ mú èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, ẹ ṣì ka ẹ̀yìn, nítorí wọ́n lè ti fi ohun mìíràn tó ń mú nǹkan dùn dípò rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá ká lẹ́tà kékeré, kó ní kí ẹlòmíràn kà á fún òun, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ bá lè sè fúnra yín, ẹ sè é.

Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó má pa oògùn rẹ̀ tì, kó má sì yí oúnjẹ padà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ọ̀rá àti páálí ohun tí ẹ ń jẹ dání. Bí ṣúgà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, ẹ má tètè pe ẹnikẹ́ni lópùrọ́. Kí ẹ tó gbóòórùn ẹnu ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀yin fúnra yín gbé síwájú rẹ̀.